Kóńgò tí ìdí rẹ̀ wọnú: kí ni JAMB àti WAEC ń wọ̀n gan-an?

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra gàrí ní Odò-Ògbẹ́ nílùú Ilé-Ifẹ̀ rí á mọ kóńgò tí wọ́n ti gbá ní ìdí títí ìdí náà fi wọnú. Tó o bá dúró lókèèrè wò ó, kóńgò ni. Ẹnu rẹ̀ ò dín, gàrí sì gún lórí rẹ̀ bí òkìtì ọ̀gán. Abẹ́ nìkan lọ̀rọ̀ wà. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nípa kóńgò yìí ni pé kì í parọ́ lónìí kó sòótọ́ lọ́la. Fi wọn gàrí nígbà mẹ́wàá, iye kan náà ló máa bọ́ sínú ọ̀rá rẹ nígbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Kò yẹsẹ̀ rárá. Àmọ́ kóńgò kan kọ́ lò ń gbé lọ sílé, ìyẹn náà sì dájú.

Òmíràn tún wà, tuntun, tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ló ń pinnu. Tó bá rí oníbàárà rẹ̀, á bù ú títí á fi máa dà sílẹ̀. Tó bá rí àjèjì, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí rẹ̀ dànù. Kóńgò ò láìsàn, ọwọ́ ni kò dúró sójú kan.

Gbogbo ariwo tó ń lọ lórí ìdánwò JAMB àti WAEC láti ọdún 2025, orí àìsàn méjèèjì yìí ló dá lé, a kàn ń pa wọ́n pọ̀ ni. Àwọn tó ń kọ́ni nípa ìdánwò ní yunifásítì ní orúkọ fún wọn: reliability àti validity. Èmi á máa pe reliability ní àìyẹsẹ̀: tí ọmọ yìí bá tún jókòó ṣe irú ìdánwò kan náà lọ́la, tí tíṣà mìíràn bá sì máàkì rẹ̀, ṣé ibi kan náà ni máàkì rẹ̀ á bọ́ sí? Validity, ṣíṣe wẹ́kú ni mo máa pè é: ohun tí a ní à ń wọ̀n, ṣé òun gan-an la wọ̀n? Àti pé iṣẹ́ tí a fẹ́ fi máàkì náà ṣe, ṣé ó tó o ṣe?

Ọ̀rọ̀ JAMB ló kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ọ̀gá àgbà àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, dúró níwájú àwọn akọ̀ròyìn, ó sì bú sẹ́kún. Àṣìṣe ti wọ èsì UTME ọdún náà, ìyẹn ìdánwò ìwọlé sílé ẹ̀kọ́ gíga tí JAMB ń ṣe. Ibùdó ìdánwò 157 ló kàn, ọmọ 379,997. Nínú ibùdó wọ̀nyẹn, 65 wà l'Ékòó, 92 sì wà nílẹ̀ Ìgbò. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n ti ní káwọn ọmọ náà wá tún ìdánwò ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lágere, nílùú Ifẹ̀, tí wọ́n ti ń bá èèyàn tẹ èsì jáde. Bàbá kan di fóònù mú, ọmọbìnrin rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò wojú ẹnikẹ́ni. 187 lọmọ náà gbà.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọn ò ní bá wa tún tiwa wò? Ọmọ tó máa ń gba ipò kìíní ni o."

Mo ní, "Bàbá, Ọ̀ṣun ò sí nínú ẹ̀."

Ó ní, "Ta ló wá yẹ tiwa wò tẹ́ ẹ fi mọ̀ pé kò sí nínú ẹ̀?"

Mi ò rí èsì fún un. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama, mo ti lé lógún ọdún nídìí iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ ẹnu mi wọ inú.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Lọ́dún náà, JAMB ti tún bí ìbéèrè ṣe ń dà rú mọ́ra wọn ṣe. Ìbéèrè kìíní tèmi lè jẹ́ ìbéèrè ogójì tìrẹ, A tèmi sì lè jẹ́ C tìrẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà yọjú wo ti ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àtúnṣe náà dé orí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gba ìdáhùn sílẹ̀ lápá kan, kò dé orí àwọn tó ń bójú tó Èkó àti ilẹ̀ Ìgbò, kò sì sẹ́ni tó fura títí èsì fi jáde.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ó kan WAEC. Lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹjọ wọ́n kéde pé ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Igbe ta jákèjádò. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti ibi tí wọ́n ti ń wo èsì pa, wọ́n ní àwọn rí àṣìṣe. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣí i padà, 38.32 ti di 62.96. Ọmọ tó lé ní 480,000 sùn bí ẹni tó fìdí rẹmi, wọ́n jí bí ẹni tó yege, wọn ò sì ka ìwé kankan láàárín méjèèjì. Ohun tó fà á? WAEC náà ti pín ìbéèrè Ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì àti Ẹkọnọ́míìsì sí oríṣi oríṣi kí wọ́n lè fòpin sí jíjí ìwé wò. Nígbà tó di ti máàkì, ìdáhùn ti oríṣi kan ni wọ́n fi máàkì oríṣi mìíràn nínú ìbéèrè àṣàyàn ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ ò rí i pé ibi kan náà ni àṣìṣe méjèèjì ti wá? Wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olè, wọ́n ti onílé mọ́ta. Mi ò sọ pé kí wọ́n má dènà ìwòkọ o. Ẹni tó bá ti ṣọ́ gbọ̀ngàn ìdánwò rí mọ ohun tójú ń rí. Ìwòkọ gan-an ń ba wẹ́kú jẹ́, torí máàkì ọmọ tó wòkọ, máàkì ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí oògùn yìí fà. Ọmọ tí wọ́n fi ìdáhùn ẹlòmíì máàkì dà bí ẹni tó di ojú tó ń tẹ bọ́tìnnì. Ìdáhùn mẹ́rin ló wà lábẹ́ ìbéèrè UTME kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹni tó di ojú á máa ṣèèṣì gba ọ̀kan nínú mẹ́rin. Ìbéèrè 180 ni gbogbo rẹ̀, 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, ogójì ogójì fún mẹ́ta tó kù, 400 sì ni máàkì. Ìdá kan nínú mẹ́rin 400, 100 nìyẹn.

Ẹ di 100 yẹn mú. Lọ́dún 2025 kan náà, máàkì tó kéré jù lọ tí wọ́n fọwọ́ sí fún wíwọ pólí àti kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ tíṣà ni 100. Ti yunifásítì jẹ́ 150. Bá a bá fi ìṣirò wẹ́rẹ́ wò ó, ewúrẹ́ tá a bá kọ́ láti máa tẹ A láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lè bá wọn dé ẹnu ọ̀nà pólí. Mo mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì mọ̀ pé ewúrẹ́ ò ní kírẹ́díìtì WAEC. Síbẹ̀, ààlà tó bọ́ sórí oríire lásán, kí ló ń wọ̀n?

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí mo rò pé ó burú ju àṣìṣe kọ̀ǹpútà lọ. Lọ́dún 2024, ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó ṣe UTME tí wọn ò dé 200. Lọ́dún 2025, nígbà tí èsì tó ní àbùkù kọ́kọ́ jáde, ó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì. Kóńgò fọ́, a ò mọ̀ pé ó fọ́, torí ìgbà tó wà ní odidi pàápàá, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń wọ̀n. Àwọn òbí àtàwọn olùkọ́ tó mọ ọmọ wọn ló pariwo. Kì í ṣe nọ́ńbà àpapọ̀ ló tú àṣírí náà.

Kí n tó máa dá JAMB lẹ́bi lọ, kí n jẹ́wọ́ tèmi. Wọ́n kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń máàkì àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà ti WAEC: 50 ni gbogbo rẹ̀, 10 fún èrò, 10 fún ètò, 20 fún ìlò èdè, 10 fún àìṣàṣìṣe nínú sípẹ́lì, àmì àti gírámà. Lọ́dún kan mo dán ara mi wò. Mo ṣe fọ́tòkópì àròkọ ọmọ SS2 kan, mo ní kí ọmọ mi obìnrin bá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ, mo sì kì í bọ àárín ìwé kíláàsì mìíràn. Àkọ́kọ́, òwúrọ̀ Sátidé ni mo máàkì rẹ̀, lẹ́yìn àkàrà àti ògì: èrò 7, ètò 6, ìlò èdè 15, àìṣàṣìṣe 6. Ó jẹ́ 34. Èkejì, ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, agogo mẹ́wàá alẹ́, ẹ́ńjìnnì aládùúgbò ń bú ramúramù, òun sì ni ìwé ogójì lálẹ́ ọjọ́ náà: èrò 6, ètò 5, ìlò èdè 10, àìṣàṣìṣe 6. 27.

Máàkì méje! Ibi tí mo ti ń fi bírò ka àṣìṣe níkọ̀ọ̀kan, mi ò kúrò lójú kan: 6 àti 6. Ibi tí mo ti ní láti fi etí inú gbọ́ bóyá gbólóhùn náà dùn ni àárẹ̀ ti bá mi dá sí i. Ọmọ kan náà, àròkọ kan náà, olùkọ́ kan náà. Ká wá sọ pé olùkọ́ méjì ni.

WAEC mọ àìsàn yìí, wọ́n sì ní ìtọ́jú fún un. Kí àwọn tó ń máàkì tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kó wọn jọ, gbogbo wọn á máàkì ìwé kan náà, ẹni tó fún ọmọ ní 35 àti ẹni tó fún un ní 22 á ṣàlàyé ara wọn títí wọ́n á fi sún mọ́ra. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀gá ikọ̀ á tún máa yẹ díẹ̀ wò nínú ohun tí olúkúlùkù máàkì. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa ńkọ́? Kò sẹ́ni tó yẹ tèmi wò rí. Máàkì tí mo fún ọmọ lálẹ́ ọjọ́ ẹ́ńjìnnì ló wọ káàdì rẹ̀ lọ.

Ẹnì kan á ní, ṣebí ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi dáa. Ó dáa lápá kan. Àárẹ̀ kì í mú u. Ìbéèrè pọ̀ níbẹ̀ náà, ìyẹn sì ń ranni lọ́wọ́: láti ọdún 1910 ni Charles Spearman àti William Brown, àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ìṣirò hàn pé bí ìbéèrè tó dáa bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìyẹsẹ̀ ń dín kù. Ìbéèrè márùn-ún tí tíṣà kọ sójú pátákó lọ́jọ́ Ẹtì ò lè sọ ohun tí 60 máa sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ̀ pé C ni ìdáhùn kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọmọ tó lè jókòó kọ lẹ́tà sí alága káńsù kí wọ́n wá tún kótópó ojú títì wọn ṣe. Ohun tó rọrùn láti wọ̀n là ń wọ̀n, ohun tá a fẹ́ gan-an ń sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́dún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé WAEC àti NECO náà máa bọ́ sórí kọ̀ǹpútà pátápátá lọ́dún 2026. JAMB pa ìwé tì pátápátá lọ́dún 2015, nígbà tó sì yá wọ́n ṣe bọ́tìnnì mẹ́jọ kí ọmọ tí kò mọ máòsì lò má baà fi ìyẹn fìdí rẹmi: A, B, C, D fún ìdáhùn, àwọn tó kù fún irú nǹkan bíi lílọ síwájú, pípadà sẹ́yìn àti fífi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ọgbọ́n gidi ni mo ka ìyẹn sí. Ẹni tó ro ó mọ̀ pé ìdánwò Ìtàn ò gbọdọ̀ di ìdánwò máòsì. Àmọ́ àròkọ ò ṣeé fi bọ́tìnnì mẹ́jọ kọ. Ọmọ abúlé lọ́nà Ìfẹ̀tẹ̀dó tó ń fi ìka kan wá lẹ́tà lórí kíbọọ̀dù, wákàtí tí wọ́n fún un á tán sórí wíwá lẹ́tà. Tí wọ́n bá wá fún un ní 18, kí ni 18 yẹn? Gẹ̀ẹ́sì ni àbí ìka?

Ọ̀rọ̀ èdè ló wá gbé mi dé Mọdákẹ́kẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà níbẹ̀ tó wà ní kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ìwé iṣẹ́ àmúrelé wá bá mi, tíṣà ti fi bírò pupa fa igi lé e. Ìbéèrè náà ní, "Tola has nine oranges. She gives five to Sade. How many are left?" Ọmọ náà ò kọ nọ́ńbà kankan. Ó ya ọwọ́ kan sínú àpótí ìdáhùn, ọwọ́ òsì.

Mo ní, "Kí lèyí?"

Ó ní, "Left ni, sà."

Mo pa ìwé náà dé. Mo ní, "Tọ́lá ní ọsàn mẹ́sàn-án, ó fún Ṣadé ní márùn-ún..." Mi ò tíì parí rẹ̀ tó fi ní, "Ó ku mẹ́rin."

Odo ló gbà nínú Ìṣirò. Tíṣà rẹ̀ ò ṣe àṣìṣe kankan nínú máàkì o. Kódà tí tíṣà mẹ́wàá bá máàkì rẹ̀, odo ni gbogbo wọn á fún un. Kóńgò tí ìdí rẹ̀ wọnú nìyẹn: kò yẹsẹ̀, kò sì ṣe wẹ́kú. Wọ́n ní Ìṣirò làwọn ń wọ̀n, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wọ̀n.

Ìlú yìí kan náà sì ni wọ́n ti wádìí ọ̀rọ̀ náà ní àádọ́ta ọdún ó lé sẹ́yìn. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, wọ́n ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní Ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ lọ́tọ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin. Àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ yìí ò gbẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Lára ìdí tó sọ ni pé àwọn agbègbè tó lo èdè abínibí jù ló ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ fi etí sí àlàyé yẹn dáadáa. Ìdánwò tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá èdè mìíràn lẹ́jọ́. Wọ́n fi kóńgò gàrí wọn epo, wọ́n ní epo náà ń jò. Àwọn agbègbè wọ̀nyẹn ní ohun púpọ̀ tó lè fa ìfìdírẹmi: olùkọ́ tí kò tó, ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní àga, ọmọ tó ń lọ oko. Máàkì WAEC kò lè dá nìkan sọ èwo ló fà á, wọn ò ṣe é fún ìyẹn. Èmi ò sọ pé kí wọ́n má kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ni tí mo fi ń jẹun.

Ká padà sọ́dọ̀ bàbá tó wà ní Lágere. OAU, Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ́lẹ̀, máa ń béèrè 200 kí ọmọ tó lè jókòó fún post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ọmọ rẹ̀ gba 187. Gbogbo ìdánwò ayé ló ní ìyẹsẹ̀ díẹ̀ nínú, tí kò bá tiẹ̀ sí àṣìṣe kọ̀ǹpútà rárá: oorun alẹ́ àná, ìbéèrè tó bọ́ sí ibi téèyàn kà, kọ̀ǹpútà tó kú fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ká ní ìyẹsẹ̀ náà jẹ́ máàkì 15 sókè, 15 sódò. A jẹ́ pé 187 rẹ̀ lè jẹ́ 202, ó sì lè jẹ́ 172. Ẹni tó gba 200 náà lè jẹ́ 185. Kò sí kóńgò tó lè pín àwọn méjèèjì yẹn níyà, síbẹ̀ ọ̀kan wọlé jókòó, èkejì dúró síta. Àwọn tó wọlé náà, nígbà tí wọ́n bá pín UTME sí mẹ́jọ tí wọ́n sì fi àwọn máàkì yòókù kún un, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àmì dẹ́símà ni wọ́n fi ń yọ wọ́n.

Ọ̀nà kan wà tá a lè fi mọ̀ bóyá 200 yẹn ṣe wẹ́kú. Kí wọ́n mú àwọn tó wọlé pẹ̀lú 205, àwọn tó wọlé pẹ̀lú 240, àwọn tó wọlé pẹ̀lú 290, kí wọ́n wo ohun tí wọ́n gbà ní ọdún kìíní àti ìkejì. Tí ẹni 290 bá ń ṣe dáadáa ju ẹni 205 lọ ní gbogbo ẹ̀ka, ìdánwò náà mọ ohun tó ń ṣe. Tí wọ́n bá ń bára wọn dọ́gba, à ń lé ọmọ sẹ́yìn lásán ni. Fáìlì méjèèjì wà: èsì UTME wà lọ́wọ́ JAMB, èsì ọdún kìíní wà lọ́wọ́ yunifásítì.

Mo sọ èyí fún bàbá náà nígbà tá a tún pàdé ní Mayfair. Ó ti gba fọ́ọ̀mù mìíràn fún ọmọ náà. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Tíṣà, tó bá wá gba 230 báyìí ńkọ́, èwo ni tiẹ̀ nínú méjèèjì?"